Òjò Tí Gbogbo Ẹlẹ́sìn Kọ̀ Lọ́mọ

Ẹ gbọ́ o! Ẹ gbọ́ o!

Ará Arójòyọ̀, ẹ gbọ́ o! Ẹni tó ń gúnyán, kó sọ ọmọ odó kalẹ̀! Onígbàjámọ̀, gbé abẹ kúrò lórí oníbàárà, kí o má baà gé e létí níbi tó ti ń yọrùn gbọ́ mi! Ẹ̀yin ọlọ́kadà abẹ́ máńgòrò, ẹ pa ẹ̀rọ yín! Mo ní kí ẹ pa á! Ọ̀fun kan ṣoṣo ni mo ní, kò sì sẹ́ni tó ń bá mi ra epo sí i.

Èmi ni Oyèkànmí, akéde ààfin, ọmọ Ìsàlẹ̀-Odò. Kábíyèsí Ọlọ́jà ló rán mi. Àṣẹ tuntun ti dé! Àṣẹ tuntun ti dé o! Ṣùgbọ́n àṣẹ tuntun yìí kò lè yé yín àfi tí mo bá kọ́kọ́ rán yín létí àwọn ti àtẹ̀yìnwá, nítorí mo mọ̀ yín. Ẹ máa ń gbàgbé ohun tí ààfin bá sọ, ẹ kì í sì í gbàgbé ohun tí aládùúgbò yín jẹ ní àná.

Ẹ rántí ọ̀gbẹlẹ̀! Ẹ rántí bí àgbàdo ṣe ká ewé jọ lóko bí arúgbó tí òtútù mú. Ẹ rántí Odò Ìdẹ̀ra, tó gbẹ débi pé ewúrẹ́ ń sùn láàárín rẹ̀. Nígbà náà ni Wòlíì Jeremáyà, olórí ìjọ aláṣọ funfun, kó àwọn èèyàn rẹ̀ jáde. Wọ́n fi àbẹ́là àti orin yí ìlú ká, wọ́n ní àfi kí òjò rọ̀. Lọ́sẹ̀ kan náà, Lèmọ́mù Bùsàírì kó jàmáà lọ sí pápá. Wọ́n yí ẹ̀wù wọn sódì, wọ́n kírun òjò. Lọ́sẹ̀ yẹn kan náà, Ìyá Efúnṣeyì, tó ń bọ odò fún wa, gbé ẹyẹlé àti oyin lọ sétí ìwọ̀nba omi tó ṣẹ́kù. Ẹnikẹ́ni nínú wọn kò bá ẹnì kejì sọ̀rọ̀. Oníkálukú ń ké sókè láti ibi tirẹ̀, ó sì ń fojú tín-ín-rín wo àwọn tó kù.

Òjò wá rọ̀!

Há! Ẹ rántí ọjọ́ náà. Aṣọ kò tíì gbẹ lára wa tí Wòlíì ti gbé bánà kọ́ sí oríta pé àdúrà ìjọ òun ló gbà. Bánà náà kò tíì na ara rẹ̀ tán tí àwọn ọ̀dọ́ mọ́sálásí ti gbé tiwọn kọ́ sókè rẹ̀. Ìyá Efúnṣeyì kò ní bánà. Ṣùgbọ́n ó gbé àpótí síta, ó jókòó, ó ń rẹ́rìn-ín músẹ́ sí gbogbo ẹni tó ń kọjá. Ẹ̀rín yẹn dun àwọn yòókù ju bánà lọ.

Òjò kò dá. Omi bẹ̀rẹ̀ sí í wá láti òkè. Lókè lọ́hùn-ún, níbi tí àwọn agbégilódò ti gé igbó wa títí tí ẹyẹ kò fi ríbi bà sí, omi kò rí igi kankan tó máa ní kó rọra. Ó kó yẹ̀pẹ̀, ó wọ gọ́tà. Kí ló wà nínú gọ́tà? Ọ̀rá píọ̀-wọ́tà láti ìsọjí! Abọ́ ìrẹsì láti Mọ́lúdì! Ike ọtí ẹlẹ́rìndòdò láti ọdún odò! Gbogbo ẹ̀sìn ló wà nínú gọ́tà náà, níbẹ̀ nìkan ni wọ́n sì ti ń bá ara wọn gbé láìjà. Omi yà bàrá, ó kọrí sí Ìsàlẹ̀-Odò. Ó wọ ilé àwọn tí kò gé igi rí láyé wọn. Àwọn tó jẹ èrè igi ń gbé lókè, àwa tó jẹ ìyà omi ń gbé nísàlẹ̀, mo sì fẹ́ kí ẹ gbọ́ èyí dáadáa kí n tó máa bá ẹ̀fẹ̀ lọ.

Kò sẹ́ni tó kú, a dúpẹ́. Ṣùgbọ́n ilé wó. Ìyá mi, tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kò gbé e mọ́, orí tábìlì la gbé e lé. A gbé tábìlì náà lọ sí mọ́sálásí torí pé ibẹ̀ ló ga jù. Aláṣọ funfun ni ìyá mi, ọjọ́ rẹ̀ ti pẹ́ nínú ìjọ. Lèmọ́mù fúnra rẹ̀ ló di ẹsẹ̀ tábìlì kan mú. Ìyá mi sì ń bá a wí lọ́nà pé kó má mì òun jìgìjìgì.

Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, bánà méjèèjì ti pòórá! Ìyá Efúnṣeyì ti gbé àpótí rẹ̀ wọlé! Òjò di ọmọ tí kò ní baba. Wòlíì ní òjò wẹ́wẹ́ lòun tọrọ, pé òun kò mọ èyí tó ń fọ́ fèrèsé. Lèmọ́mù ní òjò oko làwọn bẹ̀bẹ̀ fún, kì í ṣe òjò yàrá. Ìyá Efúnṣeyì ní omi inú odò lòun béèrè, odò sì ti kún, kí wọ́n lọ wá ẹni tó ni ìyókù. Wọ́n gbé ẹjọ́ náà dé ààfin. Kábíyèsí gbọ́ ọ, ó sùn díẹ̀ láàárín rẹ̀, ó jí, ó sì dá a.

Àṣẹ tó jáde nígbà náà rèé. Mo tún un sọ! Mo tún un sọ o!

Àṣẹ kìíní! Òjò náà, ọmọ àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ni! Àwọn ló jọ bí i, àwọn ni yóò jọ tún ohun tó bà jẹ́ ṣe. Ẹnikẹ́ni tó bá tún sọ pé òjò kì í ṣe tòun, yóò gbọ́n omi Ìsàlẹ̀-Odò padà sórí òkè pẹ̀lú ṣíbí. Ṣíbí ni mo wí! Ṣíbí tí wọ́n fi ń fún ọmọ ìkókó lógì!

Àṣẹ kejì! Kò sí àdúrà òjò mọ́ nílùú yìí láìsí ṣọ́bìrì! Ẹni tó bá fẹ́ bẹ Ọlọ́run, kó kọ́kọ́ kó gọ́tà. Bí àdúrà ìjọ kan bá ṣe gùn tó, bẹ́ẹ̀ náà ni gọ́tà tí wọ́n máa kó yóò ṣe gùn tó. Wòlíì, ẹ̀yin tí ẹ máa ń bẹ̀rẹ̀ láàárọ̀ tí a óò jẹun ọ̀sán tán kí ẹ tó ṣe àmín, gọ́tà ọjà ni Kábíyèsí fún yín. Òun ló gùn jù.

Àṣẹ kẹta! Ọjọ́ iṣẹ́! Hẹ̀n-ẹ́n, èyí fẹ́rẹ̀ẹ́ pa àwọn ìjòyè. Jímọ̀ kò ṣeé ṣe. Ọjọ́ Ìsinmi kò ṣeé ṣe. Àbámẹ́ta, ilé onísábáàtì kan ṣoṣo ló wà nílùú yìí, ṣùgbọ́n ẹ mọ bí ohùn wọn ṣe rinlẹ̀ tó. Ọjọ́ ọ̀sẹ̀ odò kì í dúró sójú kan, ó ń sáré kiri inú kàlẹ́ńdà bí adìyẹ tó wọ ọjà. Wọ́n bá mú Ọjọ́bọ̀. Wòlíì ní òun máa ń gbààwẹ̀ lọ́jọ́ náà. Lèmọ́mù ní òun náà máa ń gbààwẹ̀ lọ́jọ́ náà. Kábíyèsí ní ó dáa bẹ́ẹ̀, ẹni tó ń gbààwẹ̀ kì í ra ìrẹsì inú abọ́, kì í sì í ju abọ́ sí gọ́tà. Ọjọ́bọ̀ ni! Ẹni tí ara rẹ̀ kò bá yá lọ́jọ́bọ̀, tí ara rẹ̀ sì yá lọ́jọ́ Jímọ̀, yóò wá ṣàlàyé irú àìsàn bẹ́ẹ̀ níwájú gbogbo ìyàwó ọba.

Àṣẹ kẹrin! Ẹran kò lẹ́sìn! Mo tún un sọ, ẹran kò lẹ́sìn! A pín igi kéékèèké fún yín kí ẹ gbìn ín. Àgbò Lèmọ́mù jẹ igi ìjọ, ìjọ ní wọ́n rán an ni. Ewúrẹ́ ìjọ jẹ igi mọ́sálásí, wọ́n ní ẹ̀san ni. Ìlú fẹ́rẹ̀ẹ́ dàrú. Nítorí náà, aláṣọ funfun ni yóò máa ṣọ́ igi mọ́sálásí, àwọn ará mọ́sálásí ni yóò máa ṣọ́ igi odò, àwọn ọmọ odò tó ń tẹ̀ lé Ìyá Efúnṣeyì ni yóò sì máa ṣọ́ igi ìjọ. Ẹni tí ẹran rẹ̀ bá jẹ igi, òun fúnra rẹ̀ ni yóò dúró ní ipò igi náà látàárọ̀ dọ̀sán, apá méjèèjì nínà síta, kó máa ṣe ìbòòji fún àwọn tó ń kọjá. Alhaji Músẹ́dìkù ti ṣe é. Ẹ rí i. Ìbòòji rẹ̀ kò burú.

Àṣẹ karùn-ún! Jẹnẹrétọ̀! Ṣọ́ọ̀ṣì dojú kọ mọ́sálásí, jẹnẹrétọ̀ dojú kọ jẹnẹrétọ̀, èéfín wọn pàdé lójú títì, àwọn aráalé tó wà láàárín ń wúkọ́ fún ẹ̀sìn méjèèjì. Ó parí! Jẹnẹrétọ̀ kan ṣoṣo ni wọ́n máa jọ lò. Bí ọ̀kan bá ń wàásù, èkejì á gbọ́. Ẹni tó bá tan jẹnẹrétọ̀ kejì, yóò fi odidi oṣù kan wàásù ní kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ sí etí ọmọ ìjọ rẹ̀ kọ̀ọ̀kan.

Àṣẹ kẹfà! Ẹ fara balẹ̀ gbọ́ èyí, nítorí òun ló bí wàhálà òní. Ilé tó bá wà lójú àgbàrá, ọgbà tó bá wà lójú àgbàrá, ògiri tó bá wà lójú àgbàrá, wíwó ni! Ẹni yòówù kó ni ín! Kó wó kí òjò àrọ̀kúrò tó dé! Ẹni yòówù, mo ní! Ààfin ló ní kí n pe "ẹni yòówù" lẹ́ẹ̀mejì. Ẹ̀yin náà gbọ́ ọ lẹ́nu mi.

Ó dáa. Ọjọ́bọ̀ dé. Ẹ jáde! N kò rí irú rẹ̀ rí. Àwọn aláṣọ funfun ò wọ bàtà, wọ́n wọnú ẹrọ̀fọ̀ títí dé orúnkún, aṣọ wọn kúrò ní funfun, ó di àwọ̀ tí kò lórúkọ. Lèmọ́mù ká ṣòkòtò sókè, ó sì hàn sí gbogbo ìlú pé ẹsẹ̀ rẹ̀ tín-ín-rín. Àwọn ọmọ odò ń kó yẹ̀pẹ̀ sínú bárò. Wòlíì dá orin, ó gbàgbé pé àwọn ará mọ́sálásí wà níbẹ̀, àwọn náà gbàgbé pé ará mọ́sálásí làwọn, wọ́n gbè é. Gọ́tà ọjà mọ́. Gọ́tà ilé-ìwé mọ́. Wọ́n ń tọ ojú àgbàrá lọ, wọ́n ń kó o lọ, títí wọ́n fi dé ibi tó yẹ kí omi ti já sínú odò.

Wọ́n bá ògiri níbẹ̀.

Ògiri ńlá! Ògiri rèǹtè-rente! Wọ́n kùn ún ní ọ̀dà, wọ́n to ìgò fífọ́ sórí rẹ̀. Wọ́n fi búlọ́ọ̀kù àti símẹ́ńtì dí ẹnu ọ̀nà omi pátápátá. Omi tó bá débẹ̀, kò ríbi lọ mọ́, àfi kó padà sẹ́yìn, kó wá wọ ilé ìyá mi. Wòlíì bẹ̀rẹ̀ sí í wúkọ́. Lèmọ́mù wo aago ọwọ́ rẹ̀, àsìkò ìrun kankan kò sì tó. Ìyá Efúnṣeyì nìkan ló lanu. Ó ní ṣé ẹ̀yin ò mọ ògiri yìí ni, ògiri ilé àlejò Kábíyèsí tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ààfin ni.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má rẹ́rìn-ín. Iṣẹ́ ni mo ń jẹ́.

Kábíyèsí gbọ́. Ó rán mi jáde pé kí n kéde pé ohun náà kì í ṣe ògiri, ohun ọ̀ṣọ́ ni. Mo kéde rẹ̀. Ẹ sọ mí ní èèpo ọsàn. Ó tún rán mi jáde pé òun ti pa á láṣẹ fún omi kó máa gba ẹ̀yìnkùlé ààfin kọjá. Mo lọ sétí odò, mo lu agogo, mo kéde rẹ̀ fún omi. Èmi Oyèkànmí, tí mo níyàwó, tí mo bímọ, mo dúró, mo ń bá omi sọ̀rọ̀! Òjò kékeré kan rọ̀ lọ́jọ́ kejì. Omi ò gba ẹ̀yìnkùlé. Ọ̀nà rẹ̀ àtijọ́ ló gbà, ó sì tún wọ yàrá ìyá mi. Mo fi garawa gbọ́n ọn síta, mo ń sunkún. Ojú kò tì mí láti sọ ọ́.

Nígbà náà ni àwọn mẹ́ta gbéra. Wòlíì, Lèmọ́mù, Ìyá Efúnṣeyì. Ẹnu ọ̀nà ààfin kan náà ni wọ́n jọ gbà wọlé, wọ́n tiẹ̀ dúró díẹ̀ níbẹ̀, oníkálukú ń ní kí ẹnì kejì kọ́kọ́ kọjá. Wọ́n kí Kábíyèsí bó ṣe yẹ. Wọ́n ní àwọn ò wá jà. Wọ́n ní àwọn kàn fẹ́ gba àyè láti máa ṣe ìsìn nídìí ògiri náà ni, lójoojúmọ́, lọ́wọ́ ọ̀sán, pẹ̀lú ẹ̀rọ gbohùngbohùn, títí Ọlọ́run yóò fi dá sí i. Wòlíì fi kún un pé ìjọ òun kì í ṣe ọ̀gbẹ̀rì nínú kí wọ́n yí ògiri po.

Ẹ mọ̀ pé Kábíyèsí fẹ́ràn oorun ọ̀sán. Gbogbo ìlú mọ̀. Yàrá tó ń sùn sí, ògiri yẹn gan-an ló wà lẹ́yìn fèrèsé rẹ̀.

Aláṣọ funfun ló bẹ̀rẹ̀. Wọ́n kọrin, wọ́n jó, wọ́n ríran. Ọ̀kan nínú wọn ríran pé òun rí ọba kan tí kò sùn. Ní ọjọ́ kejì, àwọn ará mọ́sálásí gbà á, wọ́n ṣe wáàsí lórí ẹ̀tọ́ aládùúgbò, Lèmọ́mù kò sì dákẹ́ títí tí oòrùn fi rọlẹ̀. Ní ọjọ́ kẹta, Ìyá Efúnṣeyì gbé àpótí rẹ̀ wá, ó jókòó ní iwájú fèrèsé, ó ń rẹ́rìn-ín músẹ́. Àwọn ará ààfin ní ọjọ́ yẹn ló le jù.

Nítorí náà, àṣẹ tuntun! Àṣẹ òní! Ẹ gbọ́ o! Ẹ gbọ́ o!

Èkíní! Ògiri yóò wó lọ́la, Ọjọ́bọ̀! Kábíyèsí fúnra rẹ̀ ni yóò kọ́kọ́ fi òòlù lù ú. Yóò lù ú lẹ́ẹ̀kan, yóò sì lọ sùn.

Èkejì! Gbogbo búlọ́ọ̀kù tó bá jáde lára rẹ̀, Ìsàlẹ̀-Odò ni wọ́n ń gbé e lọ, kí àwọn tí ilé wọn wó fi tún un kọ́! Ẹ̀yin tí ẹ ń gbé lókè, ẹ̀yin lẹ máa rù ú. Orí yín ni, kì í ṣe orí àwọn òṣìṣẹ́ yín. Ẹni tó bá rán òṣìṣẹ́ wá, òṣìṣẹ́ náà yóò sùn sí yàrá ọ̀gá rẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ kan, ọ̀gá yóò sì sùn sí ìta.

Ẹ̀kẹta! Ẹ̀yin agbégilódò! Àyè tí Kábíyèsí fún yín láti gégi lókè, ó ti gbà á padà! Ẹ kó ayùn yín jáde nínú igbó! Ẹni tí a bá gbọ́ ìró ayùn rẹ̀, yóò gbin igi mẹ́wàá dípò ọ̀kan, àwọn aláṣọ funfun àti àwọn ará mọ́sálásí yóò sì pín ẹni náà láàárín ara wọn láti máa gbàdúrà lé e lórí, ìjọ kan ní etí ọ̀tún, ìjọ kan ní etí òsì.

Ẹ̀kẹrin! Ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ sọ pé wọ́n fi ipá mú Kábíyèsí! Òun fúnra rẹ̀ ló rò ó. Ẹni tó bá sọ bẹ́ẹ̀, yóò máa fi abẹ̀bẹ̀ fẹ́ Kábíyèsí lọ́sọ̀ọ̀sán títí yóò fi sun gbogbo oorun tó pàdánù. Èmi kò sọ bẹ́ẹ̀ o. Ẹ̀yin lẹ ń rẹ́rìn-ín.

Ìkéde ààfin parí síbí. Ẹnu tèmi ni, ọ̀rọ̀ ti Ọlọ́jà. Kádé pẹ́ lórí, kí bàtà pẹ́ lẹ́sẹ̀.

Ẹ má tíì lọ.

Ẹ wo ìhà òkè lọ́hùn-ún. Ẹ wò ó dáadáa. Òjò àrọ̀kúrò nìyẹn, ó ti ṣú. Ọ̀la ni Kábíyèsí wí, ṣùgbọ́n òjò yẹn kò ní í dúró dọ̀la, mo sì ti bá omi sọ̀rọ̀ rí, kì í gbọ́. Ìyá mi wà nínú yàrá rẹ̀ báyìí. Òun nìkan kọ́. Ìyá Ràsákì wà níbẹ̀ pẹ̀lú ọmọ tuntun, Bàbá Aṣọ́gbó tí kò ríran wà níbẹ̀, gbogbo Ìsàlẹ̀-Odò wà níbẹ̀.

Èyí tí mo fẹ́ ké yìí, ẹnikẹ́ni kò rán mi. Èmi Oyèkànmí ń lọ wó ògiri náà nísinsìnyí. Àṣẹ kò sí nídìí rẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ bá mi lọ, kó mú òòlù, kó mú ṣọ́bìrì, bí kò bá ní, kó mú ọmọ odó tó sọ kalẹ̀ yẹn. Ẹni tí kò bá wá, kò sí ìyà kankan fún un. N kò lágbára láti fìyà jẹ ẹnikẹ́ni. Mo kàn ń bẹ̀ yín ni.

Wòlíì, mo rí yín, ẹ ti ń bọ́ bàtà. Lèmọ́mù, ẹ ṣeun, ẹ má ká ṣòkòtò náà ga jù. Ìyá Efúnṣeyì, ẹ̀yin lẹ mọ ibi tí omi fẹ́ gbà, ẹ bọ́ síwájú.

Ẹ yà fún wa lọ́nà. Òjò ti ń kán sórí agogo mi. Mo ké e tán.